Wóró ọ̀rá àtúnlò láti Idu: ohun tí owó ìfọ̀ ń rà fún wa

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní agbègbè ilé-iṣẹ́ Idu, ní Àbújá, tí ó ń ra àlòkù ọ̀rá omi, ìgò ike àti kẹ́ẹ̀gì, tí ó ń fọ̀ wọ́n, tí ó ń yọ́ èyí tí ó ṣeé yọ́ nínú wọn, tí ó sì ń tà wọ́n fún àwa tí a ń fi ike ṣe ọjà. Orúkọ rẹ̀ kò ní jáde nínú àyẹ̀wò yìí, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀, kí ó lè fi díwọ̀n ilé-iṣẹ́ yòówù tí òun náà bá fẹ́ bá dòwò pọ̀. Wóró ọ̀rá wọn, ìyẹn hóró kéékèèké tí wọ́n ń sọ ọ̀rá dà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́ ọ, ni mo mọ̀ jù lọ, mo sì lè sọ láìṣiyèméjì pé òun ni ó mọ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rà ní Àbújá àti ní Kaduna. Owó rẹ̀ ga ju ti àwọn tí kì í fọ ọ̀rá wọn dáadáa lọ, ó sì tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó tọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pẹ̀lú àwọn ibi tí ọwọ́ wọn kò tíì tó.

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rá dúdú tí àwọn ọlọ́jà fi ń di ẹrù ní ọjà Wuse, Garki àti Dei-Dei, pẹ̀lú ọ̀rá ńlá tí àwọn ilé ìtura ń da ìdọ̀tí sí. Iṣẹ́ yìí kò fi àyè gba wóró tí kò mọ́. Ẹni tí ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí búta lè mú ìdọ̀tí díẹ̀ mọ́ra, nítorí pé ara ohun tí ó ń ṣe nípọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá dúdú lásán lè má nípọn ju máíkírọ́ọ̀nù 20 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 50 mìlímítà kan, nígbà tí ẹyọ yanrìn tí ó kúnná lè nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Nínú ẹ̀rọ wa, ike tí ó ti yọ́ máa ń gba ẹnu irin róbótó kan jáde, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á máa wú gòkè bí ó ti ń tutù, títí tí àwọn irin yíyí tí ó wà lókè yóò fi tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bí ẹyọ yanrìn kan bá wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti lu, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tú jáde, gbogbo rẹ̀ á sì wó lulẹ̀. Ẹ̀rọ á dúró, a ó tún ọ̀rá fà láti ìbẹ̀rẹ̀, iná mànàmáná tàbí dísù á sì máa jó láìsí ọjà tí ń jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè nípa ìfọ̀ kí n tó béèrè iye owó.

Àlòkù ọ̀rá omi tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà ni wọ́n fi ń ṣe wóró tí mò ń rà. LDPE ni irú ike tí ó jẹ́, wọ́n sì sábà máa ń po LLDPE, irú ike kan tí ó jọ ọ́, mọ́ ọn kí ọ̀rá má baà tètè ya. Àwọn ọmọ bọ́lá ni wọ́n ń ṣà á láti Nyanya, Karu, Lugbe àti Gwagwalada. Wọ́n á tà á fún oníwọ̀n, oníwọ̀n á sì dì í ní ìdì ńlá ránṣẹ́ sí Idu. Ọ̀rá yìí ní oore kan tí ọ̀pọ̀ àlòkù ike kò ní: omi nìkan ni ó wà nínú rẹ̀ rí, kò gbé òróró, kò sì gbé kẹ́míkà. Ìdọ̀tí ilẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀, àti íǹkì tí wọ́n fi tẹ orúkọ omi sí i. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ni ó pọ̀ jù, eruku sì rọrùn láti fọ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa á mú un, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ra wọn ní ìpele-ìpele, omi ìfọ̀ kò sì ní tètè wọ àárín wọn. Ní àkókò yìí kan náà ni ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń wọ́n, nítorí pé àwọn ènìyàn kì í mu omi tútù nígbà òjò tó bí wọ́n ṣe ń mu ún nígbà ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Mo ń sọ èyí nítorí pé wóró tí ó jáde ní oṣù kejì àti èyí tí ó jáde ní oṣù kẹjọ kì í jọra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpò kan náà ni wọ́n ń dì wọ́n sí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ nínú. Àwọn obìnrin ni wọ́n dúró yí tábìlì gígùn kan ká, tí wọ́n ń tú ìdì, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ yọ ohun tí kò yẹ kúrò: ọ̀rá bisikíìtì, ọ̀rá nudù, ọ̀rá mílíìkì oníyẹ̀fun tí inú rẹ̀ ń dán, àti gbogbo ọ̀rá tí oòrùn ti jẹ gbẹ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n orí tábìlì yìí gan-an ni ìwẹ̀nùmọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. PP, irú ike mìíràn, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ọ̀rá bisikíìtì àti ti nudù. LDPE máa ń yọ́ ní nǹkan bí 110°C, PP kò sì ní yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 160°C; kódà bí ooru bá ga tó tí àwọn méjèèjì fi yọ́ pọ̀, wọn kì í wọnú ara wọn, ọ̀rá tí a bá sì fi wọ́n ṣe á máa ya ní gígùn bí ẹni tí ó gbé ẹrù bá ti ṣí ẹsẹ̀. Ọ̀rá mílíìkì tí ń dán tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìpele irú ike méjì tàbí mẹ́ta àti irin tín-ín-rín ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Kò sí omi tí ó lè tú wọn ká. PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ní tirẹ̀ kì í fara da ooru: ó máa ń tú ásíìdì jáde nínú ẹ̀rọ, ásíìdì yìí á sì máa jẹ irin inú ẹ̀rọ náà. Inú mi dùn pé mo rí ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú lára àwọn obìnrin wọ̀nyí, nítorí mo ti dé àwọn ibòmíràn tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tú ohun tí wọ́n ṣà láti orí ààtàn.

Oòrùn tí mo mẹ́nu bà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìhà àríwá yìí. Ọ̀rá omi tí ó bá ti wà ní ìta fún oṣù púpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí ewé gbígbẹ, nítorí pé ìtànṣán oòrùn ti já àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó di ike náà mú. Ìfọ̀ lè mú eruku rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò sí ìfọ̀ tí ó lè so ẹ̀wọ̀n náà padà. Ìdọ̀tí tí ojú rí nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń wò. Àwọn ará Idu yìí ń fi ọwọ́ fa ọ̀rá wò kí wọ́n tó gbà á, wọ́n sì ń dá ìdì tí ó bá ti gbẹ jù padà fún oníwọ̀n.

Láti orí tábìlì ni ọ̀rá ti ń wọ kírọ́ṣà, ẹ̀rọ tí ó ń gé e wẹ́wẹ́ bí omi ti ń dà sí i lórí. Èérún ọ̀rá á wá kọjá nínú ẹ̀rọ kan tí ó ń gbo wọ́n mọ́ra wọn kíkankíkan, kí ó tó ṣàn sínú ọpọ́n omi gígùn. Níhìn-ín ni ìwúwo ike ti ń ṣe ìdájọ́. Bí a bá ka ìwúwo omi sí 1, ti LDPE jẹ́ nǹkan bí 0.92, ti HDPE, ike kẹ́ẹ̀gì, nǹkan bí 0.95, ti PP sì jẹ́ nǹkan bí 0.90, gbogbo wọn ni wọ́n ń léfòó. Ti PET, ike ìgò omi, jẹ́ nǹkan bí 1.38, ti PVC sì ń ju 1.3 lọ, àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú yanrìn àti irin, á lọ sí ìsàlẹ̀. Òǹkàwé yóò rí i pé ọpọ́n omi kò lè ya PP kúrò lára LDPE, níwọ̀n bí àwọn méjèèjì ti jùmọ̀ ń léfòó; ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àwọn obìnrin ibi tábìlì kò fi ṣeé fo. Bákan náà ni èérún PVC tín-ín-rín lè gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra kí ó sì máa léfòó pẹ̀lú ọ̀rá rere, bí kò bá sí ọwọ́ ẹ̀rọ tí ń rì í wọ omi léraléra. Ọwọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lórí ọpọ́n tiwọn, ó sì ń yí láìdúró.

Ohun tí ó ya ilé-iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ fún mi ni pé ọpọ́n wọn jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí mo ti dé ń lo ọpọ́n kan ṣoṣo. Ní òwúrọ̀, omi rẹ̀ á mọ́. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, á ti pọ́n bí ẹrẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa fi ẹrẹ̀ náà fọ ọ̀rá títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Idu, ọṣẹ wà nínú ọpọ́n àkọ́kọ́ nìkan. Omi mímọ́ máa ń wọ ọpọ́n kẹta, ó ń ṣàn padà sínú èkejì, kí ó tó dé àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀rá ní tirẹ̀ ń rìn láti àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀kẹta. Nípa bẹ́ẹ̀, omi tí ó mọ́ jù lọ ni ọ̀rá ń bá pàdé kẹ́yìn, omi tí wọ́n ń lò kò sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Fífi omi mímọ́ ṣan ọ̀rá báyìí ṣe pàtàkì ju ọṣẹ lọ lójú tèmi. Bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù lára èérún ọ̀rá, ooru ẹ̀rọ á jó o, wóró á máa rùn, íǹkì tí a bá sì fi tẹ orúkọ oníbàárà sára ọ̀rá kò ní mú dáadáa.

Gbígbẹ ni ìpele tí àwọn tó ń ta wóró pọ́ọ́kú máa ń fò, òun náà sì ni ó máa ń dá wa lóró jù. Èérún ọ̀rá fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ sì pọ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Omi máa ń há sáàárín àwọn ìpele rẹ̀, oòrùn àgbàlá kò sì lè fa á tán. Agbá onílíhò kan tí ń yí kíákíá ni ó kọ́kọ́ ń ta omi yẹn dànù, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mìíràn ń fún èérún náà bí a ti ń fún aṣọ, tí gbígbo tí ó ń gbo ó sì ń mú un gbóná títí tí yóò fi di ìṣù kéékèèké tí ó gbẹ. Omi tí ó bá kù nínú rẹ̀ á di oru omi nígbà tí ó bá dé inú ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike, oru omi sì ń gba àyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 àyè tí omi náà gbà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ihò inú wóró ti ń wá. Mo máa ń mú wóró díẹ̀ láti inú àpò, mo á fi abẹ gé e sí méjì, mo á sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀: wóró tí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó yọ́ ọ máa ń dí nínú gbọin, èyí tí kò gbẹ á ní ihò wínníwínní káàkiri inú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin, n kì í rí ihò nínú ti Idu.

Nínú ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike, nǹkan méjì ni mo lọ wò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ojú ihò tí wọ́n dá sí ara ẹ̀rọ náà, níbi tí ẹ̀rọ mìíràn ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Íǹkì ara ọ̀rá kì í jáde tán nínú ọpọ́n omi. Bí ike bá ti ń yọ́, apá kan nínú íǹkì náà á di gáàsì, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde kí ike tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ yìí kò bá ṣiṣẹ́, gáàsì á há sínú wóró, òórùn rẹ̀ á sì tún jáde nínú ilé-iṣẹ́ tiwa nígbà tí a bá tún wóró náà yọ́. Ìkejì ni asẹ́. Wọ́n ní asẹ́ onírin ní ìpele méjì, èyí tí ó ṣáájú fẹ̀ lójú, èyí tí ó tẹ̀lé e sì kúnná. Ìwọ̀n kan wà ṣáájú asẹ́ tí ń fi hàn bí ike yíyọ́ ti ń tì í tó. Bí ìwọ̀n náà bá ti gòkè, ó túmọ̀ sí pé asẹ́ ti kún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, ọmọ Ọ̀ffà kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, fi asẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ hàn mí: èérún bébà, ìdọ̀tí irin, àti ege PET tí kò yọ́ nítorí pé òun nílò ooru tí ó ju 240°C lọ. Gbogbo ohun tí ó wà lórí asẹ́ yẹn ni ì bá ti lu ọ̀rá mi.

Níbi tí ó ti kan lílò rẹ̀, ìṣirò tèmi rọrùn. Mo ń fi LLDPE tuntun láti ilé-iṣẹ́ Indorama ní Eleme, ìpínlẹ̀ Rivers, pò mọ́ wóró àtúnlò kí ọ̀rá lè lágbára. Pẹ̀lú wóró tí kò mọ́ dáadáa, n kò lè fi kún ju ìdajì lọ kí ọ̀rá tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Pẹ̀lú ti Idu, wóró àtúnlò lè tó ìdá méje nínú mẹ́wàá, kí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìdúró ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Wóró tuntun ni ó wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí à ń rà. Ẹni tí ó bá fi owó wóró Idu wé ti àwọn aládùúgbò wọn nìkan yóò rò pé ó ń pàdánù, ṣùgbọ́n bí ó bá ka iye wóró tuntun tí ó ṣẹ́kù sínú àká rẹ̀ àti iye ọ̀rá tí kò di ìdọ̀tí nílẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, yóò rí i pé wóró tí wọ́n fọ̀ dáadáa ni ó dínwó jù.

Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú tí ó fara mọ́ búlúù, nítorí íǹkì tí ó kù nínú rẹ̀. Ó dára fún ọ̀rá dúdú, ó sì dára fún ọ̀rá aláwọ̀ ewé tí ó dúdú. Kò sí ẹni tí yóò fi ṣe ọ̀rá funfun tàbí èyí tí ojú lè là kọjá. Òórùn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí a bá tú àpò sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n kù sí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dunni. Wọn kì í fún oníbàárà ní ìwé tí ó sọ bí wóró ṣe ń ṣàn tó bí ó bá yọ́. Ìdánwò yìí kò le: wọ́n ń yọ́ ike ní 190°C, wọ́n ń fi ìwúwo kílógíráàmù 2.16 tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń wọn iye gíráàmù tí ó jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ń fẹ́ ọ̀rá nílò kí iye náà kéré, ẹni tí ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì nílò kí ó pọ̀. Láìsí ìwé yìí, a ní láti máa tún ooru ẹ̀rọ wa tò ní gbogbo ìgbà tí ẹrù tuntun bá dé. Èkejì ni ti àkókò òjò tí mo ti sọ. Wọ́n mọ̀ pé gbígbẹ ń falẹ̀ ní àkókò náà, síbẹ̀ wọn kì í dín iye tí wọ́n ń ṣe lóòjọ́ kù, ihò a sì máa hàn nínú wóró. Ẹrù kan tí mo gbà lọ́dọ̀ wọn nígbà òjò ní PP nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rá ń ya lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tí mo gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ padà, wọn kò jiyàn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti àwọn ọ̀rá tí a ti gé kò padà. Ó yẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ má jáde ní ọgbà wọn rárá. Mo bẹ̀ wọ́n, tọkàntọkàn ni mo sì fi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa fẹ́ ọ̀rá díẹ̀ láti inú ẹrù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tà á.

Ìgò PET ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí pé n kì í rà á. Omi gbígbóná tí ó tó 80°C sí 90°C àti sódà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí gọ́ọ̀mù lébẹ́ẹ̀lì lè ṣí, àwọn ìdérí rẹ̀ á sì léfòó kúrò lórí omi nígbà tí ìgò ń rì. Wọn kì í yọ́ ọ níbẹ̀; èérún rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún àwọn tí ń sọ ọ́ di òwú tí a ń kì sínú ìrọ̀rí. Ìpinnu tí ó mọ́gbọ́n wá nìyẹn, nítorí pé PET kò fẹ́ràn omi rárá: bí wọ́n bá yọ́ ọ kí omi inú rẹ̀ tó wà lábẹ́ ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan, omi náà á gé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kéékèèké. Láti sọ ọ́ di ìgò omi padà, wọ́n ní láti gbé e sí ooru bíi 200°C sí 220°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí níbi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò, kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè gùn padà kí ohun àjèjì inú rẹ̀ sì jáde. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọgbà wọn, wọn kò sì parọ́ pé ó wà.

Kẹ́ẹ̀gì ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ. Àwọn nọ́ńbà inú àmì onígun mẹ́ta tí ó wà ní ìdí ohun èlò ike, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1988, ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣà wọ́n: 2 fún HDPE, 5 fún PP. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè sọ ohun tí kẹ́ẹ̀gì náà ti gbé rí. Bẹntiróòlù, dísù àti oògùn apakòkòrò kì í dúró sí ojú ike nìkan, wọ́n máa ń wọnú ara rẹ̀ lọ, ọṣẹ àti omi kò sì lè lé wọn bá níbẹ̀. Ọ̀rá náà rí bẹ́ẹ̀: omi mímọ́ ni ó gbé nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó dé orí ààtàn, kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí ohun tí ó bá sùn níbẹ̀. Àwọn ọ̀nà tí ó lè yọ ohun tí ó ti wọ inú ike wà láyé. Ní Ironton, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ PureCycle ń yọ́ PP sínú èròjà olómi kan, á sẹ́ ẹ níbẹ̀, á sì tún gba PP mímọ́ padà. Ní Kingsport, ìpínlẹ̀ Tennessee, Eastman ń tú PET ká pátápátá di èròjà tí wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n á sì tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2022 tí ó sọ irú ọ̀nà ìwẹ̀nùmọ́ tí ike àtúnlò gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè kan oúnjẹ. Ọpọ́n omi mẹ́ta àti asẹ́ méjì kò sí nínú irú wọn, bí ó ti wù kí wọ́n mọ́ tó.

Nítorí náà ni mo ṣe bu ọlá fún ilé-iṣẹ́ yìí lórí ohun kan tí kì í hàn nínú wóró wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára gbogbo àpò, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní Hausa, pé ike inú rẹ̀ kò yẹ fún ohun tí yóò kan oúnjẹ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan wá béèrè wóró tí yóò fi fẹ́ ọ̀rá mọ́ínmọ́ín. Ó ní òun yóò rà púpọ̀, òun yóò sì san owó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá mọ bí ọjà ṣe rí ní àkókò yìí mọ ohun tí kíkọ̀ yẹn ná wọn. Ọ̀rá mọ́ínmọ́ín máa ń wà nínú omi híhó pẹ̀lú epo àti ẹ̀wà fún ìgbà pípẹ́, ooru àti epo sì ni nǹkan méjì tí ó máa ń fa ohun tí ó fara pamọ́ sínú ike jáde jù. Mo rọ gbogbo ẹni tí ó ń fẹ́ ọ̀rá ní Àbújá àti àyíká rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi wóró àtúnlò kankan ṣe ọ̀rá oúnjẹ, ìbáà ṣe ti Idu yìí tí mò ń yìn.

Omi ìdọ̀tí wọn ń gba kòtò mẹ́ta tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe kọjá, kí ẹrẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń tún apá tí ó pọ̀ lò fún kírọ́ṣà. Asẹ́ kan wà ní ẹnu kòtò ìkẹyìn fún èérún ike. Ojú rẹ̀ fẹ̀ jù fún èrò tèmi, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí èérún tí ó kéré má baà bá omi jáde lọ sínú odò.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà lọ́dọ̀ wọn tàbí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìdánwò kan wà tí kò ná ni lówó, yàtọ̀ sí ti abẹ tí mo ti sọ. Bu omi sínú ife, kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí o sì da wóró ọ̀rá sínú rẹ̀. Bí wóró bá rì, ìyẹ̀fun ẹfun ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n ti pò mọ́ ọn kí ìwúwo rẹ̀ lè pọ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ẹfun tí ó bá tó nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 ti tó láti rì í. Ti Idu ń léfòó ní gbogbo ìgbà tí mo ti dán an wò. Àpò oníkílógíráàmù 25 ni wọ́n ń tà, wọn kì í sì í gbé ẹrù tí ó kéré sí tọ́ọ̀nù kan jáde lọ fún oníbàárà, nítorí náà ó dára kí àwọn tí ẹ̀rọ wọn kéré para pọ̀ gba ọkọ̀ kan. Ẹ béèrè fún ẹrù tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rá ni ẹ fẹ́ fẹ́ kí wọ́n lè yan èyí tí ó gba asẹ́ tí ó kúnná jù kọjá, kí ẹ sì san owó àsansílẹ̀ kí oṣù kẹrin tó parí, nítorí pé ẹrù ọyẹ́ kì í pẹ́ tán lọ́wọ́ wọn.